Nígbà tí Ọyẹ́ bá ń Kógbá Wọlé: Iyọ̀ ni Ará Etí Ọ̀sà fi ń Ka Ọdún

Ní àwọn ilẹ̀ tí òtútù ti ń mú débi pé omi ń dì, yìnyín ni ó máa ń sọ fún ará etí adágún pé ọdún ti fẹ́ yí. Bí yìnyín bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í là lójú omi, apẹja á kó ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, á lọ tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe, nítorí ìgbà òtútù ń lọ, ìgbà ìrúwé ń bọ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti gbé Ìlú Ọba tàbí Amẹ́ríkà rí mọ ọ̀rọ̀ yìí dunjú. Ní ilẹ̀ Yorùbá, omi kì í dì lójú odò. Síbẹ̀, ọmọ tí wọ́n bí sí etí Ọ̀sà Èkó kò nílò kàlẹ́ńdà kí ó tó mọ̀ pé ọyẹ́ ń kógbá wọlé. Yóò bu omi sẹ́nu, yóò tu ú dànù, yóò sì mọ̀. Iyọ̀ inú omi ni àmì tirẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ iyọ̀ náà ti rí nìyí. Nígbà tí oṣù Ọ̀pẹ̀ bá wọlé, òjò ti dá. Odò Ògùn á fà, Odò Ọ̀ṣun á fà, agbára kì í sì í sí fún wọn mọ́ láti ti òkun sẹ́yìn. Bí omi Òkun Àtìláńtíìkì ti ń kún tí ó sì ń fà lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa gba ẹnu ibùdókọ̀ Èkó yọ́ wọ inú ọ̀sà, títí apá ibi tí ó súnmọ́ ẹnu òkun yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ní iyọ̀ tó òkun fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ lo èdè àwọn àgbà lè sọ pé Olókun ni ó wá kí Ọlọ́sà nílé. Obìnrin tí ń fọṣọ létí omi ni ó kọ́kọ́ máa ń mọ̀, nítorí ọṣẹ kì í hó dáadáa nínú omi oníyọ̀. Nígbà tí òjò bá sì padà dé, tí ó rọ̀, tí ó rọ̀, tí àwọn odò kún, wọn a tún lé iyọ̀ náà padà síbi tí ó ti wá. Nígbà tí oṣù Agẹmọ yóò bá fi dé, omi tí ó wà lójú ọ̀sà kò ní í yàtọ̀ púpọ̀ sí ti odò. Ọ̀sà Lẹ́kí lọ́nà Ẹ̀pẹ́ àti Ọ̀sà Ológe lọ́nà Àgbárá kò mọ wàhálà yìí, nítorí wọ́n jìnnà sí ẹnu òkun. Àwọn tí ń gbé etí àwọn méjèèjì ní àmì mìíràn tí wọ́n ń wò.

Ẹni tí ń gbé Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá tàbí Ìgándò lónìí lè béèrè pé kí ni ó kan òun kan ọ̀sà. Ìbéèrè náà tọ́. Alímọ̀ṣọ́ kò ní etíkun. Ilé àti ọ̀nà, ọjà àti ibùdókọ̀ ni ojú ń rí níbẹ̀. Ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn tí ó lé ní mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ mẹ́wàá sí ìjọba ìbílẹ̀ yìí nìkan, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sì jiyàn nígbà náà pé wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n àwọn Àwórì, tí í ṣe onílẹ̀, inú omi ni orúkọ wọn ti jáde. Ìtàn àtẹnudẹ́nu wọn ni pé nígbà tí Ọlọ́fin Ògúnfúnminírè àti àwọn èèyàn rẹ̀ kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n gbé àwo kan lé ojú omi, wọ́n sì ń tẹ̀ lé e. Ibi tí àwo bá dúró sí ni àwọn náà ń dúró sí. Ó dúró fún ọjọ́ 17 nítòsí Olókemèjì, ó tún dúró káàkiri agbègbè Abẹ́òkúta, nígbà tí ó sì dé Ìṣẹrí létí Odò Ògùn, ọjọ́ 289 ni ó lò níbẹ̀, èyí tí í ṣe 17 lọ́nà 17. Ìdúmọ̀tà ni ó ti yí bírí, tí ó sì rì. Wọ́n bi Ọlọ́fin pé àwo dà. Ó ní àwo ti rì. Ẹni tí ó bá wù lè jiyàn lórí iye ọjọ́. Ohun tí ìtàn náà fi hàn ni irú ènìyàn tí àwọn tí ń sọ ọ́ jẹ́: nígbà tí wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò tẹ̀dó sí, ojú omi ni wọ́n ń wò.

Ilẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ náà sì ṣì ń wo ojú omi. Òjò tí ó bá rọ̀ sórí àwọn òkè tí ilé kún yẹn ní láti rí ọ̀nà sọ̀kalẹ̀ lọ sínú àfonífojì, láti àfonífojì sínú àbàtà, láti àbàtà sínú odò, láti odò sínú ọ̀sà. Kò sí ibòmíràn tí ó lè lọ. Nítorí náà, ará òkè àti ará etí ọ̀sà ń ka ìwé kan náà, àfi pé ojú ewé tí oníkálukú ṣí yàtọ̀.

Ní òkè, kànga ni ìwé náà. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, eruku funfun á bo orí páànù, oòrùn á yọ bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, ètè á máa bó, gìgísẹ̀ á máa là, àwọn ìyá á sì gbé igbá òrí àti ìgò àdín jáde. Eruku yẹn kì í ṣe eruku títì Ìkòtún. Ẹ̀fúùfù ni ó gbé e láti aṣálẹ̀ Sàhárà, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ti ibì kan wá ní ilẹ̀ Ṣáàdì tí wọ́n ń pè ní Bodélé. Ibẹ̀ jẹ́ ìsàlẹ̀ adágún ńlá kan tí ó ti gbẹ láti ẹgbẹ̀rún ọdún mélòó kan sẹ́yìn, èyí tí Adágún Ṣáàdì òde òní jẹ́ àṣẹ́kù rẹ̀. Bí ìyàwó ilé ní Ẹ̀gbẹ́dá bá ń nu ojú tábìlì rẹ̀ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, eruku ìdí adágún ni ó ń nù.

Kànga á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Okùn ìfami tí ó tó ní oṣù Bélú kò ní í tó mọ́ ní oṣù Èrèlé. Wọn a so omiran mọ́ ọn. Àwọn ọmọ ilé mọ ìró rẹ̀: nígbà tí omi pọ̀, garawa a balẹ̀ ṣọ̀ọ̀, nígbà tí ó kù díẹ̀, a dún gbàgà lórí òkúta ìsàlẹ̀, omi tí ó bá sì bá garawa gòkè a pọ́n bí omi ọsàn. Ìgbà yẹn ni mẹ́ruwà máa ń rí tirẹ̀ ṣe, tí ọmọlanke oníkẹ́ẹ̀gì ń wọ àdúgbò dé àdúgbò. Bọ́ọ̀hò ti gba iṣẹ́ kànga lọ́wọ́ ní ọ̀pọ̀ ilé báyìí, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé kò dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń yí ẹ̀rọ kò mọ bí omi ilẹ̀ ti jìn tó, àfi ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá fà á tì.

Ẹ̀ẹ̀rùn kò burú fún gbogbo ènìyàn. Ìgbà rẹ̀ ni àkùrọ̀ ń gbé ewé. Nínú àwọn àfonífojì tí ó ṣẹ́kù tí ilé kò tíì bò, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ yòkòtò àti ewédú a máa tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí gbogbo òkè ti gbẹ, nítorí omi tí àbàtà mu yó nígbà òjò ni ó ń bù fún wọn díẹ̀díẹ̀. Àgbálùmọ̀ náà a jáde. Àwọn àgbà a sì máa kìlọ̀ fún ọmọdé pé èyí tí ọyẹ́ kò tíì fẹ́ lù dáadáa yóò kan lẹ́nu. Èlùbọ́, ilá wẹ́wẹ́ tí yóò di orúnlá, ata tí wọ́n sá sórí ẹní, gbogbo wọn ni ọyẹ́ ń bá gbẹ láìgba kọ́bọ̀.

Létí ọ̀sà, òwúrọ̀ ọyẹ́ ní ìṣòro tirẹ̀. Kùrukùru a bo ojú omi débi pé ẹni tí ó wà ní ìdí ọkọ̀ kò ní í rí ẹni tí ó wà ní iwájú rẹ̀ ketekete. Ní Mákòókó, níbi tí àwọn Ẹ̀gùn apẹja ti kọ́ ilé sórí igi nínú omi, afárá gígùn Third Mainland, tí wọ́n parí ní ọdún 1990, a di òjìji lásán títí oòrùn yóò fi gòkè. Àwọn ọkùnrin a jókòó ti ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, wọn a máa tún àwọ̀n dí, wọn a máa tẹ́tí sí ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ tí ń kọjá kí ó má baà gùn wọ́n lórí. Nígbà tí ojú bá là, wọn a wa ọkọ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ri ẹ̀ka igi mọ́lẹ̀ sínú omi tí kò jìn. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe ti Èkó nìkan. Ó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí Adágún Nokoué ní ilẹ̀ Bìnì, níbi tí ìlú Ganvié ti dúró lórí omi láti ayé òwò ẹrú. Ẹja a rò pé ilé ni wọ́n kọ́ fún òun, a wọ̀ ọ́, a jẹ èéhù tí ó hù lára igi, a sanra, a sì bímọ síbẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọn a fi àwọ̀n yí i ká, wọn a fa igi náà tu, wọn a sì kó ẹja. Epìyà ni ó máa ń pọ̀ jù níbẹ̀, nítorí kò bẹ̀rù iyọ̀.

Ìgbà iyọ̀ yìí náà ni àwọn ẹja òkun bíi kúta máa ń tẹ̀ lé omi wọlé. Àrọ̀ àti ọbọ́kún kò fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Apá òkè ọ̀sà, níbi tí ẹnu odò wà, ni a ti máa ń bá wọn. Nítorí náà, bí ìyá ẹlẹ́ja bá tẹ́ ọjà rẹ̀ sílẹ̀ ní Ìkòtún, àtẹ rẹ̀ lè jẹ́ kàlẹ́ńdà fún ẹni tí ó lè kà á. Ọ̀pọ̀ oníbàárà kò lè kà á. Èló ni, ṣé ẹja tútù ni àbí gbígbẹ, ó parí.

Ẹja gbígbẹ náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Iṣẹ́ obìnrin ni, láti orí ìyá dé orí ọmọ. Nígbà ọyẹ́, ẹja tí wọ́n yan lórí àgbá onírin fún alẹ́ ọjọ́ kan a gbẹ kanrankanran, ó sì lè pẹ́ lọ́wọ́ alátùntà láìbù. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rinrin bá ti wọ afẹ́fẹ́, àwọn obìnrin yìí ni ó kọ́kọ́ ń fura. Ẹja àná a rọ̀ lọ́wọ́. Igi ìdáná a máa rú èéfín dípò kí ó jó. Wọn a tún yan ẹja náà lẹ́ẹ̀kejì, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi ìfigi-pamọ́ kí òjò tó dé. Ìyẹn lè ṣẹlẹ̀ kí ìkuukùu kankan tó ṣú lójú ọ̀run.

Nǹkan kan wà tí iyọ̀ ń ṣe tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà sí. Ní ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ rí koríko omi olódòdó àlùkò kan ní ojú omi Àgbádárìgì. Láti ọ̀nà Pọ́tòónófò ni ó ti léfòó wọlé, ṣùgbọ́n Gúúsù Amẹ́ríkà ni ìlú rẹ̀ gan-an, nínú omi Amásọ́nì. Kì í ṣe ojúoró, kì í ṣe òṣíbàtà, tí àwọn baba ńlá mọ̀ tí wọ́n sì ní oríkì fún. Àjèjì ni, ó sì ń bí bí eku. Nígbà òjò, a bo ojú omi débi pé ọkọ̀ kò ní í rí ọ̀nà gbà, àwọ̀n kò ní í ṣeé dà, ẹ̀ńjìnnì a sì máa kú. Iyọ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ni ó ń pa á ní apá ìsàlẹ̀ ọ̀sà. Ní oṣù Èrèlé sí Ẹrẹ́nà, a máa pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, a gbẹ, a sì rì. Nítorí náà ni àwọn apẹja kan kò fi ń kánjú kí òjò dé, bí ooru ti wù kí ó mú tó. Ní ibi tí iyọ̀ kò dé, bíi Ọ̀sà Ológe, koríko náà kò ní ọ̀tá tí ń dúró dè é.

Lẹ́yìn tí ọyẹ́ bá ti lọ tán, ooru ni ó ń tẹ̀ lé e. Kì í tu ènìyàn lára. Afẹ́fẹ́ láti àríwá a dáwọ́ dúró, ti òkun a sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn gúúsù. Ẹni tí ó bá wà lójú omi ni ó máa ń kọ́kọ́ kàn lára. Ìkuukùu a ṣú nírọ̀lẹ́, mànàmáná a kọ, òjò kò sì ní í rọ̀. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Òwe àwọn àgbà nípa òjò tí ó ṣú tí kò rọ̀ pọ̀. Inú irú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti rí i mú jáde.

Lọ́jọ́ kan, ìjì a dé. Òjò àkọ́kọ́ yìí ni àwọn baba ń pè ní àkọ́rọ̀. Kì í rọra wá: eruku a gbéra nílẹ̀, páànù a máa pariwo, ẹní tí wọ́n sá ata sí a fò lọ sí ilé aládùúgbò, lẹ́yìn náà ni ẹ̀kán ńláńlá a bẹ̀rẹ̀ sí í já. Kì í sábà pẹ́. Ṣùgbọ́n òórùn ilẹ̀ gbígbẹ tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn a gba gbogbo àdúgbò. Àwọn ọmọdé a sáré jáde. Ìyá wọn kì í pè wọ́n wọlé ní kíákíá bí ó ti máa ń ṣe ní oṣù Òkúdù. Àwọn àgbà kan wà tí wọ́n ń gbé ìkòkò síta láti gbe omi àkọ́rọ̀ fún àgbo. Omi tí ó gba orí páànù wá kò sí fún mímu, nítorí gbogbo eruku Bodélé ni ó fọ̀ sílẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni èsúnsún a fò wá síbi iná, tí àwọn ọmọ a fi abọ́ omi dè wọ́n; ìgbín tí ó ti fi awọ funfun dí ẹnu ìkarahun rẹ̀ láti ìgbà ọyẹ́ a já a, a sì jáde; kọ̀ǹkọ̀ a bẹ̀rẹ̀ lọ́tùn-ún, èkejì rẹ̀ a dáhùn lósì. Bí àkọ́rọ̀ bá sì ti di méjì, di mẹ́ta, tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ rẹrẹ nínú àbàtà, àrọ̀ a kúrò nínú odò, a gòkè lọ sínú koríko tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ bò láti lọ yé ẹyin. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń dẹ ìgèrè mọ ọ̀nà tí ó ń gbà. Agbẹ̀ òkè náà a ti gbé ọkọ́ rẹ̀ jáde, a gbin àgbàdo.

Àbàtà ni ọ̀rọ̀ wá dé bá. Ilé tí òjò àkọ́kọ́ ń sùn ni. Omi tí ó bá já láti òkè Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìdímù ní láti rí ibi tí yóò dúró sí kí ilẹ̀ tó mu ún, kí ọ̀nà ọ̀sà tó ṣí fún un. Ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Ìjẹ̀gùn, ní Ìgándò, ní ìsàlẹ̀ Ìkòtún, kò sì sí ẹni tí yóò kọ́lé sí i, nítorí gbogbo ènìyàn mọ ẹni tí ó ni ín. Lónìí, wọ́n ti fi okùn wọ̀n ọ́n, wọ́n ti gé e ní púlọ́ọ̀tì púlọ́ọ̀tì, wọ́n ti da pàǹtírí sí i, wọ́n ti fi yanrìn tí wọ́n fà nínú ọ̀sà bò ó. Ẹni tí ó rà á kò jalè. Owó rẹ̀ ni ó ná, ó sì ń wá ibi tí orí ọmọ rẹ̀ yóò wọ̀ ní ìlú tí ilé wọ́n bí ojú. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n sì máa ń mú un lọ wo ilẹ̀. Ilẹ̀ gbẹ, bàtà rẹ̀ kò rin, ó sanwó. Bí ó bá jẹ́ pé ó bi ìyá àgbà kan ní àdúgbò náà pé níbo ni kọ̀ǹkọ̀ ti ń ké nígbà àkọ́rọ̀, ìyá náà ìbá nawọ́ sí i fún un.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Agẹmọ, ọdún 2011, òjò kan rọ̀ sí Èkó tí ó gba ẹ̀mí ènìyàn, tí ó gbé ọkọ̀ àti dúkìá lọ. Láti ìgbà náà, kò sí ọdún tí ìjọba kì í ṣèkìlọ̀, tí wọn kì í kó ẹ̀rọ lọ gbẹ́ ojú ọ̀gbàrá. Iṣẹ́ náà ní àǹfààní, ṣùgbọ́n ojú gọ́tà kan kò lè ṣe iṣẹ́ tí gbogbo àbàtà ń ṣe. Ọ̀rọ̀ ààtàn ńlá Solous ní Ìgándò tún wà níbẹ̀: àwọn olùwádìí tí wọ́n yẹ omi kànga àyíká rẹ̀ wò rí i pé omi dúdú ìdí ààtàn ti ń yọ́ wọ inú omi ilẹ̀. Àkọ́rọ̀ tí àwọn baba ń gbé ìkòkò dè, ẹni tí ń gbé ẹ̀gbẹ́ irú ibẹ̀ ń fi ọmọrí dé kànga rẹ̀ nítorí rẹ̀.

Àwọn olùkọ́ tí ń kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa àyíká ní Alímọ̀ṣọ́ kò ní láti wá ìwé lọ jìnnà. Okùn kànga kan tí wọ́n ta ní kókó, kí àwọn ọmọ máa kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ pé kókó mélòó ni ó rin. Ọjọ́ tí èsúnsún kọ́kọ́ fò. Ọjọ́ tí ìyá ẹlẹ́ja kọ́kọ́ gbé ọbọ́kún dé. Bí wọ́n bá ṣe èyí fún ọdún márùn-ún, wọn yóò mọ ohun tí ọ̀pọ̀ onílé kò mọ̀ nípa ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé. Àwọn àgbà tí ó mọ ojú ibi tí omi ń gbà tẹ́lẹ̀ ṣì wà, wọ́n kàn ń dínkù ni.

Ní ọ̀pọ̀ òpópónà Ìjẹ̀gùn báyìí, bí ìkuukùu àkọ́rọ̀ bá ti ṣú nírọ̀lẹ́, kì í ṣe ìkòkò ni wọ́n ń gbé síta. Bàbá onílé a bọ́ sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ọkọ́, a ro gọ́tà. Àwọn ọmọ a máa gbé àpò yanrìn ti ẹnu ìloro. Ìyá a gbé àpò gàrí àti ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ lé orí kọ́bọ́ọ̀dù. Nísàlẹ̀, létí ọ̀sà, àwọn obìnrin ti da tapólì bo igi ìdáná wọn, àwọn ọkùnrin sì ti fa ọkọ̀ gòkè. Afẹ́fẹ́ ti yí. Kọ̀ǹkọ̀ kan ké lẹ́yìn ilé tuntun tí wọn kò tíì kùn, lábẹ́ fèrèsé yàrá àwọn ọmọ.